Misprision

Misprision jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin àtijọ́ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń tọ́ka sí ìwà àìtọ́ ẹni tí ó kùnà ojúṣe tí òfin gbé lé e lọ́wọ́, pàápàá jù lọ ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ tàbí pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ìtumọ̀ kejì tí ó ní nínú òfin ni ìwà ìbàjẹ́ tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ipò rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìfọ̀ràn-pamọ́ ni a ó máa pe ìtumọ̀ àkọ́kọ́, a ó sì máa pe èkejì ní ìwà àìtọ́ nípò.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣọ̀wọ́n lónìí. Kò sí nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin kì í pàdé rẹ̀ títí wọn yóò fi ka ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró fún kò tíì kú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó ti inú rẹ̀ jáde, ìyẹn fífi ìdìtẹ̀ mọ́jọba pamọ́, ṣì ní ìjìyà ẹ̀wọ̀n gbére ní Nàìjíríà, ó sì ti sọ olórí orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀ rí kan di ẹlẹ́wọ̀n.

Orísun ọ̀rọ̀ náà

Láti inú èdè Faransé àwọn Norman ni misprision ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè yìí ni àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066. Mesprision ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe mesprendre ló ti jáde: mes- dúró fún ohun tí a ṣe lódì, prendre sì túmọ̀ sí mú. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní ṣòro láti lóye ìhun yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú àṣìṣe, àṣìgbọ́ àti àṣìsọ. Bí a bá fẹ́ tú misprision ní mọ́fíìmù kọ̀ọ̀kan, àṣìmú ni yóò jẹ́: ohun tí a mú lọ́nà tí kò yẹ kí a gbà mú un.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ọgbà ẹ̀wọ̀n, prison, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ Látìn kan náà tí ó túmọ̀ sí mímú ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀: misprize, tí ó túmọ̀ sí kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn tàbí nǹkan. Láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jẹ mọ́ iye àti ìdíyelé ni èyí ti wá. Ìjọra àwọn méjèèjì ti da ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lójú rú, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan máa lo misprision fún ìtẹ́ńbẹ́lú.

Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí ó hàn gbangba láàárín ẹni tí ó dìtẹ̀ sí ọba àti ẹni tí ó mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀ náà tí ó sì dákẹ́. Ojú ọlọ̀tẹ̀ ni a lè fi wo àwọn méjèèjì, ikú sì ni èrè ọlọ̀tẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1554, lábẹ́ ìjọba Ọbabìnrin Mary àti ọkọ rẹ̀ Philip, ni ó là á yéni pé fífi ọ̀tẹ̀ pamọ́ lásán kì í ṣe ọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀: misprision ni. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó dákẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n gbére àti pípàdánù dúkìá ṣì ń dúró dè é.

Kí òfin yẹn tó dé, ẹ̀sùn misprision ti kan àwọn ènìyàn ńlá. Ní 1534, wọ́n dá Bíṣọ́ọ̀bù John Fisher lẹ́bi pé ó gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ tí Elizabeth Barton sọ lòdì sí Ọba Henry Kẹjọ, kò sì fi tó ọba létí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé aṣòfin dá Thomas More, tí ó ti jẹ́ olóyè àgbà ìjọba rí, lẹ́bi misprision nítorí pé ó kọ̀ láti búra gẹ́gẹ́ bí ọba ṣe fẹ́. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ gidi ni wọ́n padà fi pa àwọn méjèèjì ní 1535. Láti ìgbà pípẹ́ báyìí ni a ti rí bí ẹ̀sùn yìí ṣe rọrùn tó fún alágbára láti lò: kò pọn dandan kí a fi hàn pé ẹnì kan ṣe ohunkóhun, ohun tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ lé lórí ti tó.

William Blackstone, nínú apá kẹrin ìwé ńlá rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1769, pín misprision sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ti àìṣe: kí ènìyàn fi ohun tí ó yẹ kí ó sọ pamọ́. Èkejì ni ti ṣíṣe: kí ènìyàn hu ìwà tí kò yẹ kí ó hù sí ìjọba. Ìṣèjọba búburú àwọn tí ó wà nípò gíga ni ó fi síwájú nínú ọ̀nà kejì yìí, ó sì sọ pé ìyọnípò nípasẹ̀ ilé aṣòfin ni a sábà fi ń jẹ wọ́n níyà. Ìpín yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìtumọ̀ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọn kò bára tan, ìfọ̀ràn-pamọ́ níhìn-ín, ìwà àìtọ́ nípò lọ́hùn-ún. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ojúṣe tí a kò ṣe bí ó ti yẹ.

Yàtọ̀ sí ti ọ̀tẹ̀, misprision tún wà fún àwọn ọ̀ràn ńlá mìíràn bí ìpànìyàn àti olè jíjà. Ọ̀pọ̀ rò pé èyí ti kú títí di 1961, nígbà tí Ilé Àwọn Olóyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Sykes. Ó mọ̀ nípa àwọn ìbọn tí wọ́n jí ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kan, kò sì sọ fún ọlọ́pàá. Àwọn adájọ́ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà láàyè, àti pé kò di dandan kí ènìyàn ṣe akitiyan kankan láti bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀: dídákẹ́ nìkan tó. Adájọ́ Denning gbìyànjú láti fi ààlà sí i. Ó ní agbẹjọ́rò tí oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún, dókítà tí aláìsàn sọ̀rọ̀ fún, àti àlùfáà tí ọmọ ìjọ sọ̀rọ̀ fún lè pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní okùn ẹbí tàbí ti ọ̀rẹ́ kò tó láti gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọ̀ràn náà bá burú gan-an.

Ọdún mẹ́fà péré ni ìdájọ́ yìí lò. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 1967 pa ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ràn ńlá àti ọ̀ràn kékeré rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, misprision ti ọ̀ràn ńlá sì bá a lọ. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó gba owó tàbí ẹ̀bùn kí ó má baà sọ ohun tí ó mọ̀. Ti ọ̀tẹ̀ nìkan ni ó kù.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ aṣòfin àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà kọ oríṣi méjèèjì sínú òfin ní 1790, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìjìyà ti ọ̀ràn ńlá kì í kọjá ẹ̀wọ̀n ọdún 3, ti ọ̀tẹ̀ kì í kọjá ọdún 7. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹjọ́ wọn kò gba ti Sykes. Fún ọ̀ràn ńlá, ènìyàn gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan kan láti bò ó mọ́lẹ̀, bí i kí ó sin ẹ̀rí tàbí kí ó parọ́ fún agbófinró. Dídákẹ́ lásán kò tó.

Ní Nàìjíríà

Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní àríwá ní 1904, ó sì tàn dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1916. Òfin ìpínlẹ̀ Queensland ní Australia, tí Samuel Griffith kọ tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 1899, ni wọ́n wò ṣe é. Àwọn tí ó kọ ọ́ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wà lákọsílẹ̀ kí ènìyàn lè kà á, wọn kò fẹ́ kí a máa wá a kiri nínú ìdájọ́ àwọn adájọ́ àtijọ́.

Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú abala 36(12), sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà rẹ̀. Ẹjọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà yìí ti wà ṣáájú, láti ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ní 1961, ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè. Ilé-ẹjọ́ Gíga wọ́gi lé ìdájọ́ náà nítorí pé kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ìjọba. Bí a bá fi ìlànà yìí wo misprision, a ó rí i pé ìdájọ́ Sykes kò lè ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ gbogbogbòò kan níbẹ̀ tí ó sọ pé ẹni tí ó mọ̀ nípa ọ̀ràn tí ó sì dákẹ́ ti di ọ̀daràn.

Ohun tí ó wà ni àwọn ẹ̀ṣẹ̀ pàtó tí wọ́n pín iṣẹ́ misprision láàárín ara wọn. Àkọ́kọ́ ni abala 40 nínú òfin ìwà ọ̀daràn. Ó kan ẹni tí ó ran ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ ti wáyé, àti ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnì kan ń gbèrò láti dìtẹ̀ mọ́jọba, tí kò sì tètè sọ fún Ààrẹ, gómìnà tàbí agbófinró, tí kò sì sa ipá rẹ̀ láti dá a dúró. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà rẹ̀. Abala 43 fi ààlà sí i: láàárín ọdún 2 tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni ìjọba gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Abala 10 ni ó sọ nípa ẹni tí ó gba ọ̀daràn sílé tàbí tí ó ràn án lọ́wọ́ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìjìyà. Yorùbá ti ní òwe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin kò le tó òwe yìí, nítorí pé ìjìyà olùrànlọ́wọ́ sábà máa ń kéré sí ti olè. Abala náà sì yọ tọkọtaya sílẹ̀. Ìyàwó tí ó gba ọkọ rẹ̀ sílé kì í di olùrànlọ́wọ́ ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tí ó gba ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ìyàwó tí a fi ìdána ìbílẹ̀ tàbí yìgì fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ohun tí ó fi hàn kedere irú ojú tí ìjọba amúnisìn fi ń wo ìgbéyàwó àwọn tí ó ń ṣe òfin fún.

Abala 127 kan ẹni tí ó béèrè tàbí tí ó gba nǹkan kí ó lè fi ọ̀ràn ńlá pamọ́.

Àpẹẹrẹ kan lè mú ìyàtọ̀ wọn yéni. Ká sọ pé wọ́n jí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kún fún kòkó gbé ní Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹnì kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí àwọn olè náà, ó sì mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ó bá tirẹ̀ lọ. Kò ṣẹ̀ sí òfin ìwà ọ̀daràn, bí àwọn aládùúgbò tilẹ̀ lè máa nàka sí i. Ẹnì kejì ṣílẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ ní Odígbó kí wọ́n lè gbé ọkọ̀ náà pamọ́ títí ọlọ́pàá yóò fi kọjá: olùrànlọ́wọ́ ọ̀daràn ni. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n fún òun ní àpò kòkó mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò tú àṣírí: abala 127 ń dúró dè é. Lábẹ́ ìdájọ́ Sykes, ẹni àkọ́kọ́ pàápàá ì bá ti wọ gàù. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn mọ̀ bá jẹ́ pé àwọn kan ń kó ìbọn jọ láti fi gba ìjọba, dídákẹ́ rẹ̀ nìkan tó láti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére.

Òfin ìdènà ìpániláyà tí Nàìjíríà ṣe ní 2011, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2022, ti tún fẹ ibi tí dídákẹ́ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú sí i: ẹni tí ó bá ní ìròyìn nípa ìpániláyà gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Ìjà Ọ̀rẹ̀ àti ìbéèrè tí ó gbé dìde

Orúkọ Ọ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìtàn ọ̀tẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá odò Niger, wọ́n gba Benin, wọ́n sì kọjú sí Èkó àti Ìbàdàn. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá láti Ìjẹ̀bú, ni ó ṣáájú wọn. Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Benin ti pàdé èyí tí ó lọ sí Òkìtìpupa àti Oǹdó, ni wọ́n dé tí wọn kò fi lè kọjá mọ́. Ogun tí ó wáyé níbẹ̀ le débi pé ó di àṣàyàn ọ̀rọ̀: títí di òní, bí nǹkan bá gbóná janjan, Yorùbá á ní, «Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!» Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Ojukwu fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Banjo, Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní Enugu.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn mẹ́rin náà kì í ṣe misprision. Wọ́n ní àwọn gan-an ni wọ́n dìtẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfọ̀ràn-pamọ́ ti yọjú ni ìhà kejì ojú ogun. Wọlé Ṣóyínká ti lọ sí ìlà-oòrùn ní oṣù Kẹjọ láti bá Ojukwu sọ̀rọ̀, ó pàdé Banjo, ó sì bá a jẹ́ iṣẹ́ kan fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀gá ológun ní Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn méjèèjì ti kọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ sínú ìwé, Ọbásanjọ́ nínú My Command ní 1980, Ṣóyínká nínú You Must Set Forth at Dawn ní 2006, ìtàn wọn kò sì bára mu. Ìjọba Gowon mú Ṣóyínká, ó sì wà ní àtìmọ́lé títí di 1969 láìfojú kan ilé-ẹjọ́.

Ọ̀gá ológun tí ó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ olórí ogun ọ̀tá wà ní ojú ibi tí abala 40 ń wò gan-an. Kò dìtẹ̀, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ni. Láti ìṣẹ́jú tí ó ti gbọ́ ni òfin ti ń ka àkókò fún un. Nǹkan bí ọdún 28 lẹ́yìn náà, ìbéèrè yìí tún padà wá sí ọ̀dọ̀ Ọbásanjọ́, lọ́nà tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbẹ́jọ́ ọdún 1995

Ní oṣù Kẹta 1995, ìjọba ológun Sani Abacha kéde pé àwọn kan fẹ́ gba ìjọba. Wọ́n mú àwọn ọmọ ogun àti aráàlú, Ọbásanjọ́ àti igbákejì rẹ̀ nígbà ìjọba ológun 1976 sí 1979, Shehu Musa Yar'Adua, sì wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun tí Patrick Aziza jẹ́ alága rẹ̀ ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ̀sùn Ọbásanjọ́ ni pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ náà, ó sì fi pamọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti pariwo, Abacha dín ìjìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà kù, ọdún 15 sì ni ti Ọbásanjọ́ já sí. Yar'Adua kú sínú ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kejìlá 1997.

Ti àwọn oníròyìn ni ó fi bí ẹ̀sùn yìí ṣe lè gbòòrò tó hàn jù lọ. Kúnlé Àjìbádé ti TheNEWS, Chris Anyanwu ti The Sunday Magazine, George Mbah ti Tell àti Ben Charles-Obi ti Weekend Classique kọ ìròyìn nípa ìdìtẹ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti kéde. Nítorí ìyẹn ni ìgbìmọ̀ náà fi dá wọn lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú abala kan náà pẹ̀lú ìfọ̀ràn-pamọ́. Beko Ransome-Kuti, dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, rí ẹ̀wọ̀n he nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ ìgbèjà ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, Bello-Fadile, ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹ̀gàn rẹ̀ hàn gbangba: misprision ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí kò sọ ohun tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n sọ ọ́.

Ikú Abacha ní oṣù Kẹfà 1998 ni ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún wọn. Ọbásanjọ́ di Ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999, ó sì dá ìgbìmọ̀ ìwádìí Oputa sílẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ yìí ni Bello-Fadile ti jẹ́wọ́ pé wọ́n fipá mú òun láti dárúkọ Ọbásanjọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Àjìbádé kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé Jailed for Life, tí ó jáde ní 2003.

Ìwà àìtọ́ nípò

Ìtumọ̀ kejì misprision, èyí tí Blackstone so mọ́ ìyọnípò àwọn ènìyàn ńlá, ti bọ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ohun tí ó jókòó sí àyè rẹ̀ ni ìwà àìtọ́ tí ó burú jáì, tí abala 188 Òfin Ìpìlẹ̀ fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí tí a fi lè yọ gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀. Òfin náà ní ó jẹ́ títẹ Òfin Ìpìlẹ̀ lójú lọ́nà tí ó wúwo, tàbí ìwà àìtọ́ tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ lójú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́wàá, igbákejì gómìnà ni ó sì ń kàn nígbà gbogbo. Ní oṣù Kẹrin 2015, ilé aṣòfin yọ Alí Olánúsì kété lẹ́yìn tí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìyọnípò náà ní 2017, nígbà tí sáà rẹ̀ ti parí. Ní oṣù Keje 2020, wọ́n dojú kọ Agboọlá Àjàyí. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti dá ìgbìmọ̀ olùwádìí sílẹ̀, nítorí pé àwọn aṣòfin 9 nínú 26 ti ní àwọn kò lọ́wọ́ sí i, iye tí ó sì kù kò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta tí Òfin Ìpìlẹ̀ béèrè. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó kan Lucky Ayédatiwa. Ẹjọ́ àti ìlàjà dá ti èyí dúró, òun sì ni ó di gómìnà nígbà tí Rótìmí Akérédolú kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjà láàárín gómìnà àti igbákejì ti ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìwà àìtọ́.

Títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá

Kò rọrùn láti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí yóò gbé gbogbo ẹrù misprision. Agbódegbà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró síta láti gba ẹrù lọ́wọ́ olè ni; ó ti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ọ̀dàlẹ̀ le jù, nítorí pé ó ti ba májẹ̀mú jẹ́. Àwọn kan ń lo ìwà àìtọ́, èyí tí ó gbòòrò débi pé ọmọ ilé-ìwé tí ó pẹ́ dé lè bọ́ sínú rẹ̀.

Bíbo àṣírí ni ó súnmọ́ ọn jù ní ti ìṣe, òun náà sì ni ó jìnnà sí i jù ní ti ìwà. Kí àṣírí bò jẹ́ àdúrà lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tí ó bo àṣírí ẹlòmíràn ṣe oore, ẹni tí ó tú u jẹ́ aláìmọ̀wàáhù. Bí olùtúmọ̀ nílé-ẹjọ́ bá sọ fún àgbàlagbà kan pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó bo àṣírí, ó ṣeé ṣe kí ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Ìdí nìyí tí a fi yan ìfọ̀ràn-pamọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀ràn tí ó wà láàárín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dà bí oore, ìfipamọ́ sì fi hàn pé ẹni náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Fún èyí tí ó jẹ mọ́ ọ̀tẹ̀, fífi ìdìtẹ̀ mọ́jọba pamọ́ ni ó péye jù.

Ìlò mìíràn

Lẹ́yìn òde òfin, misprision túmọ̀ sí àṣìlóye tàbí àṣìmọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Shakespeare sì lò ó bẹ́ẹ̀ nínú eré àti ewì rẹ̀. Ní 1973, onílàmẹ́yìítọ́ ará Amẹ́ríkà, Harold Bloom, jí ọ̀rọ̀ náà dìde nínú ìwé rẹ̀ The Anxiety of Influence. Ó lò ó fún bí akéwì tuntun ṣe máa ń ṣi iṣẹ́ akéwì tí ó ṣáájú rẹ̀ kà kí ó lè rí àyè dá tirẹ̀. Ìlò yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá tàbí ilé-ẹjọ́.